Ojú L'Ọ̀rọ̀ Wà: Bí Àwọn Tó Ní Ọ́tísíìmù Ṣe Ń Wá Ọ̀nà Láti Mọ Ohun Tí Ojú Ń Sọ

Àwọn àgbà ilẹ̀ wa ní ojú l'ọ̀rọ̀ wà. Ẹnu nìkan kọ́ ni ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀. Ojú náà ń sọ tirẹ̀. Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. À ń fajúro, à ń tújú ká, à ń lejú, à ń ranjú mọ́ ènìyàn, à ń mọ́jú, à ń ṣẹ́jú sí ara wa, à ń yínmú, à ń yọ ṣùtì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ní ìtumọ̀ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò jókòó sí kíláàsì kankan láti kọ́ wọn. Bí a bá mú ọmọ lọ kí ẹbí, tí onílé sì gbé oúnjẹ wá, ojú ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà yóò kọ́kọ́ wò kó tó na ọwọ́. Ìyá kò ní la ẹnu, síbẹ̀ ọmọ á ti mọ̀ bóyá kí òun jẹun ni tàbí kí òun sọ pé òun ti yó.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí ojú kì í bá sọ̀rọ̀ báyẹn. Wọ́n ń rí ẹyinjú, wọ́n ń rí ìpéǹpéjú, wọ́n ń rí ètè. Ohun tí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ sọ ni kì í tètè yé wọn. Púpọ̀ nínú wọn ló wà ní ipò tí àwọn onímọ̀ ìlera ń pè ní ọ́tísíìmù. Nítorí pé ipò náà kò hàn sára, a máa ń pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní aláìgbọràn, a sì máa ń pe àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ní agbéraga. Wọ́n ń jìyà ohun tí wọn kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. A kọ àpilẹ̀kọ yìí láti ṣàlàyé fún ẹ̀yin olùgbé ìpínlẹ̀ wa ìdí tí kíka ojú fi ṣòro fún wọn, ọgbọ́n tí àwọn fúnra wọn ń dá sí i, àti ohun tó kù fún àwa yòókù láti ṣe.

Kí ni ọ́tísíìmù?

Ọ́tísíìmù jẹ́ ọ̀nà kan tí ọpọlọ ẹlòmíràn gbà dàgbà, tó yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti kékeré ló ti máa ń wà lára ẹni, a sì máa bá ẹni náà gbé títí ọjọ́ alẹ́. Ó máa ń hàn nínú bí ó ṣe ń bá ènìyàn lò, bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, bí ariwo, ìmọ́lẹ̀ tàbí ìfọwọ́kàn ṣe ń rí lára rẹ̀, àti bí ó ṣe ń fẹ́ kí nǹkan máa lọ ní ọ̀nà kan náà lójoojúmọ́. Ní ọdún 1943, dókítà Leo Kanner ní ìlú Baltimore, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde nípa àwọn ọmọ 11 tó rí báyìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ní ọdún 2021, nínú ènìyàn 127, ẹnì kan ní ọ́tísíìmù. Bí a bá fi ìṣirò yìí wò ó, ilé ẹ̀kọ́ tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 500 lè ní nǹkan bí mẹ́rin nínú wọn.

Ọ́tísíìmù kì í ṣe èpè, kì í ṣe iṣẹ́ ayé, kì í ṣe wèrè, kì í sì í ràn. Àwọn kan tó ní in kì í sọ̀rọ̀ rárá. Àwọn mìíràn ti gboyè ní yunifásítì. Bí ojú kíkà ṣe ni wọ́n lára pẹ̀lú yàtọ̀ láti orí ẹnì kan sí ẹlòmíràn, àwọn kan sì wà tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro fún.

Ìdí tí ojú fi ṣòro láti kà

Ìdí kìíní ni pé ojú kì í dúró sójú kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ka gbogbo ojú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láìronú sí i. Ẹni tó ní ọ́tísíìmù sábà máa ń ní láti kà á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ nínú ìwé tí a kọ ní èdè àjèjì. Kí ó tó parí rẹ̀, ojú tó ń kà ti yí padà.

Ìdí kejì ni ibi tí a ń wò. Ní ọdún 2002, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Ami Klin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale lo ẹ̀rọ tó ń tọpa ẹyinjú láti mọ ibi tí àwọn ènìyàn ń wò bí wọ́n bá ń wo fíìmù. Ẹyinjú àwọn òṣèré ni àwọn tí kò ní ọ́tísíìmù tẹjú mọ́ jù. Ẹnu òṣèré, ara rẹ̀, tàbí ohun tó wà láyìíká rẹ̀ ni àwọn tó ní in ń wò jù. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ọ́tísíìmù ti ṣàlàyé pé bí àwọn bá wo ẹyinjú ènìyàn, ó máa ń ni àwọn lára, àwọn kò sì ní lè gbọ́ ohun tí onítọ̀hún ń sọ mọ́.

Ìdí kẹta ni pé ojú a máa purọ́. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín. Ẹni tí a ti kọ́ pé ẹ̀rín ni àmì ìdùnnú, kí ni yóò ṣe bí ó bá rí opó tó ń rẹ́rìn-ín ní ilé òkú?

Ìdí kẹrin kò sí lójú ẹlòmíràn rárá. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní ọ́tísíìmù kì í tètè mọ orúkọ ohun tí àwọn fúnra wọn ń ní lára: ṣé ìbínú ni àbí ẹ̀rù, ṣé ebi ni àbí ìbànújẹ́. Ní ọdún 2013, Geoffrey Bird àti Richard Cook, àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá pé ibí yìí gan-an ni púpọ̀ nínú ìṣòro kíka ojú ti ń wá. Ẹni tí kò rí orúkọ fún ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lè tètè rí orúkọ fún ohun tó wà lójú ẹlòmíràn.

A kò gbọdọ̀ rò pé aláìláàánú ni wọ́n. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé ènìyàn wà nínú ìrora, inú ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa bàjẹ́ gidigidi. Mímọ̀ yẹn ló máa ń pẹ́ kó tó dé.

Ọgbọ́n tí àwọn fúnra wọn ń dá

Àwọn tó ní ọ́tísíìmù kì í káwọ́ gbera. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá ọ̀nà tiwọn láti ọdún pípẹ́, láìsí olùkọ́.

Wọ́n ń gbọ́ ohùn dípò ojú. Bí ohùn ṣe ga tó, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yára tó, bí ènìyàn bá pòṣé tàbí tó dákẹ́ lójijì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fi etí kó jọ. Àwọn mìíràn a mọ̀ọ́mọ̀ gbé ojú kúrò lára ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí etí wọn lè ráyè gbọ́. Tí ọmọ bá ń wo ilẹ̀ bí olùkọ́ ti ń sọ̀rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé òun ló ń gbọ́ jù ní kíláàsì.

Wọ́n ń wo ibòmíràn lójú. Àwọn kan ń wo iwájú orí, àárín ìpéǹpéjú méjèèjì, tàbí imú. Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ á rò pé ojú òun ni wọ́n ń wò, ara á sì rọ àwọn méjèèjì.

Wọ́n ń kó àpẹẹrẹ pa mọ́ sí ìrántí. Temple Grandin, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ẹran ọ̀sìn ní Colorado, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí òun fúnra rẹ̀ ní ọ́tísíìmù, ti ṣàlàyé pé orí òun dà bí ibi ìkó-fídíò-pamọ́-sí. Bí ọ̀rọ̀ tuntun kan bá ṣẹlẹ̀, yóò wá èyí tó jọ ọ́ nínú àwọn tó ti rí rí, yóò sì fi mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe. Ọ̀pọ̀ mìíràn ń fi irú òfin báyìí pamọ́ sọ́kàn: bí ọ̀gá bá ń wo aago léraléra, ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí, bí ìyá bá pe orúkọ ọmọ tán pátápátá dípò oríkì rẹ̀, inú ń bí i.

Wọ́n ń wo ohun tó yí ọ̀rọ̀ ká. Wọn a bi ara wọn pé: níbo la wà, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ni ẹni yìí ń retí? Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù owó lọ́jà ni ojú rẹ̀ le báyìí. Kò jọ pé èmi ló ń bínú sí.

Wọ́n ń fi nǹkan mìíràn dá ènìyàn mọ̀. Àwọn kan nínú wọn kì í tètè dá ojú mọ̀ rárá, ì báà jẹ́ ojú ẹbí. Irun, ohùn, ìrìn, jígí ojú tàbí aṣọ ni wọ́n fi ń mọ ẹni. Ẹ wo irú ìnira tí yóò bá wọn níbi ìnáwó tí gbogbo ẹbí ti wọ aṣọ kan náà, tí gèlè sì ti bo irun. Ẹni tó gba ẹ̀gbẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀ kọjá láìkí i ní irú ibẹ̀ lè má dá a mọ̀ ni.

Wọ́n ń béèrè. Ọgbọ́n yìí ló tọ̀nà jù, òun náà ló sì ń kó wọn sí wàhálà jù ní ilẹ̀ wa. Ọmọ tó bi bàbá rẹ̀ pé, "Dádì, ṣé inú ń bí yín ni?" lè gba ìfọ́tí nítorí a rò pé ó ń ṣe àfojúdi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò mọ̀, ó sì fẹ́ mọ̀ kí ó má baà ṣẹ̀.

Wọ́n ń ní ẹni tó ń túmọ̀ fún wọn. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́ tàbí ọkọ tàbí aya tí wọ́n fọkàn tán, tí yóò sọ fún wọn lẹ́yìn ìpàdé pé, "Nígbà tí wọ́n dákẹ́ yẹn, ọ̀rọ̀ náà ti sú wọn." Àwọn mìíràn sì yàn láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì, níbi tí kò ti sí ojú kankan láti kà.

Àwọn ohun èlò ìkọ́ni

Àwọn onímọ̀ náà ti gbìyànjú láti ṣe ìrànlọ́wọ́. Ní ọdún 2004, Simon Baron-Cohen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge gbé ètò orí kọ̀ǹpútà kan jáde tó ṣàfihàn ìmọ̀lára 412 nípa fídíò ojú àti ohùn. Ní ọdún 2006, wọ́n ṣe eré kan fún àwọn ọmọdé, nínú èyí tí wọ́n fi ojú ènìyàn gidi sí ara ọkọ̀ ojú irin àti àwọn ọkọ̀ mìíràn. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní ọ́tísíìmù fẹ́ràn ẹ̀rọ tó ń lọ tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Àwọn ọmọ tó wo eré náà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tẹ̀ síwájú nínú mímọ ohun tí ojú ń sọ.

Irú nǹkan báyìí ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n ó ní ààlà. Ojú inú fídíò máa ń dúró de ènìyàn, a sì lè dá a padà. Ojú tó wà lọ́jà kì í dúró. Ohun tí ọmọ mọ̀ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà lè má bá a dé ilé ẹ̀kọ́. Òbí tí kò ní kọ̀ǹpútà pàápàá lè ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ lè wo fọ́tò ẹbí pọ̀, kí ẹ máa sọ ohun tó wà lójú ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá ń wo fíìmù, ẹ lè dá a dúró díẹ̀ kí ẹ ṣàlàyé ìdí tí òṣèré kan fi yínmú.

Ohun tí ọgbọ́n náà ń gbà lọ́wọ́ wọn

Gbogbo ọgbọ́n tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí, iṣẹ́ ni. Ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tó ń ka ojú, tó ń wá àpẹẹrẹ nínú ìrántí, tó tún ń ṣọ́ ojú ara rẹ̀ kí ó má baà jọ ti ẹni tó fajúro, iṣẹ́ mẹ́rin ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ máa ń fi ìwà àwọn ẹlòmíràn bo ti ara wọn mọ́lẹ̀ kí a má baà mọ̀. Nínú ìwádìí tí Laura Hull àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2017, àwọn àgbàlagbà tó ní ọ́tísíìmù sọ pé ìfarapamọ́ yìí ń tán àwọn lókun, ó ń dá àníyàn sílẹ̀ lọ́kàn, ó sì ń mú kí àwọn máa rò pé àwọn kì í ṣe ara àwọn mọ́. Àwọn ọmọbìnrin a máa mọ̀ ọ́n ṣe gan-an, èyí sì wà lára ìdí tí a kì í fi í tètè mọ̀ pé wọ́n ní ọ́tísíìmù. Ọmọ tó ṣe jẹ́ẹ́ nílé ẹ̀kọ́ láti àárọ̀, tó wá bú sẹ́kún bó ti wọlé, kì í ṣe ọmọ burúkú. Okun tó fi ń bo ara rẹ̀ ló tán.

Ọ̀rọ̀ náà kò fì sí apá kan

Fún ìgbà pípẹ́, àwọn onímọ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ọ́tísíìmù nìkan ni àléébù wà. Ní ọdún 2012, Damian Milton, onímọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òun náà ní ọ́tísíìmù, sọ pé àìgbọ́ra-ẹni-yé náà jẹ́ ti ìhà méjèèjì, nítorí pé àwa náà kì í mọ ojú wọn kà. Ní ọdún 2020, Catherine Crompton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Edinburgh dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n to àwọn ènìyàn ní mẹ́jọ mẹ́jọ, wọ́n sọ ìtàn fún ẹni àkọ́kọ́, òun náà sọ ọ́ fún èkejì, títí tó fi kan ẹni ìkẹyìn. Níbi tí gbogbo wọn ti ní ọ́tísíìmù, ìtàn náà dé òpin dáadáa gẹ́gẹ́ bí ó ti rí níbi tí kò sí ẹnì kankan tó ní in. Níbi tí wọ́n ti pa àwọn méjèèjì pọ̀ ni púpọ̀ nínú ìtàn ti sọnù. Iṣẹ́ ìgbọ́ra-ẹni-yé kò yẹ kí ó wà lọ́rùn ẹnì kan nìkan.

Ohun tí àwa náà lè ṣe

Yorùbá ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Òwe yìí dára, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ di ohun tí a fi ń dá ẹni lẹ́jọ́. Àwọn ọmọlúàbí kan wà tí odindi ọ̀rọ̀ ló yẹ wọ́n. Fífi ẹnu sọ ohun tí a fẹ́ fi ojú sọ kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ọ́ jáde kí ẹ tó kúrò nílé: "Bí wọ́n bá fún ọ ní oúnjẹ, dúpẹ́, kí o sọ pé o ti yó." Bí inú bá ń bí yín, ẹ sọ pé, "Inú ń bí mi nítorí pé o fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí." Ẹ má fi ipá mú ọmọ wo ojú yín. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ tí kò wo ojú àgbà ni a ń pè ní ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà àìwojú nìkan kò tó láti fi mọ ọ́tísíìmù. Ẹ wò ó bóyá ọmọ máa ń dáhùn bí a bá pe orúkọ rẹ̀, bóyá ó máa ń nawọ́ sí ohun tó fẹ́ kí ẹ bá òun wò, bóyá ó máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má lejú mọ́ ọmọ kí ẹ sì retí pé yóò mọ ohun tó ṣe. Ẹ pè é lórúkọ, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́. Bí ó bá béèrè ohun tí àwọn yòókù ti mọ̀, ẹ dá a lóhùn láìfi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin tó ń gba ènìyàn síṣẹ́, ẹni tí kò wo ojú yín níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lè jẹ́ olóòótọ́ jù lọ nínú àwọn tó wá. Ẹ fi iṣẹ́ dán an wò. Bákan náà ni a rọ àwọn òṣìṣẹ́ aláàbò: kí ẹ má sọ pé ọ̀daràn ni ẹni tó gbójú sá fún yín tàbí tó ń pẹ́ dáhùn. Ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ béèrè ohun kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fún un láyè láti ronú.

Òfin àti ibi tí ìrànlọ́wọ́ wà

Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn ènìyàn tó ní ìpèníjà ara, èyí tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, ka ìpèníjà ọpọlọ tó pẹ́ lára mọ́ ohun tó ń dáàbò bò. Ó fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ girama, ó sì ka fífi ipò ẹni yà á sọ́tọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀.

Bí ẹ bá ní àníyàn nípa ọmọ yín, ibùdó ìlera alábọ́dé tó súnmọ́ yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè darí yín sí àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó ń tọ́jú irú ọ̀rọ̀ yìí ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, bíi UCH ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Àrò ní Abẹ́òkúta, àti ẹ̀ka àwọn ọmọdé ti ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá, tó wà ní Òṣòdì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí a bá tètè mọ ipò ọmọ, àwọn òbí rẹ̀ á tètè mọ bí wọn yóò ṣe máa bá a sọ̀rọ̀, ìyà tí kò yẹ ẹ́ á sì dínkù.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdọọdún ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé yà sọ́tọ̀ fún ìlanilọ́yẹ̀ nípa ọ́tísíìmù. A kò ní láti dúró de ọjọ́ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín lónìí pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé inú ń bí yín ni?", ẹ má kà á sí àfojúdi. Ẹ dá a lóhùn tòótọ́tòótọ́, kí ẹ sì dúpẹ́ pé ó béèrè.